Géèmù tó le ò ba ọmọ jẹ́: èrò mi lórí Baba Is You

Ẹ̀yin òbí, ẹ jẹ́ n sọ èyí tó wà lọ́kàn mi. Àwọn èèyàn ń bi mí pé ṣé Baba Is You ò ti le jù fún ọmọdé, torí wọ́n gbà á sórí fóònù, àwọn fúnra wọn gbá a díẹ̀, orí wọn dàrú. Kò le jù o. Mo tiẹ̀ gbà pé ó wà lára èyí tó dáa jù téèyàn lè fún ọmọ tó ti ń kàwé.

Fún ẹni tí ò mọ̀ ọ́n, Arvi Teikari, ọmọ Finland, ló ṣe é, ó jáde ní March 2019, ó wá dé orí fóònù ní 2021. Ẹranko funfun kékeré kan tó ń jẹ́ Baba lẹ máa ń darí, àmọ́ òfin géèmù náà wà nílẹ̀ níbẹ̀, wọ́n fi ọ̀rọ̀ tó ṣeé tì kiri kọ ọ́. Bí WALL IS STOP bá wà nílẹ̀, ògiri ò ní jẹ́ kẹ́ ẹ kọjá. Ẹ ti ọ̀rọ̀ kan kúrò níbẹ̀, kíá, ògiri yẹn ò lágbára mọ́, ẹ gba àárín ẹ̀ kọjá. Tí FLAG IS WIN bá wà níbẹ̀ tẹ́ ẹ ò rọ́nà dé ìdí àsíá, ẹ wò ó bóyá ẹ lè sọ ọ́ di ROCK IS WIN, kẹ́ ẹ wá lọ fara kan òkúta. Kò síbọn, kò sí aago tó ń lé yín.

Nǹkan kan wà tó máa ń ṣi ọ̀pọ̀ lọ́nà. Nọ́ńbà ọjọ́ orí tí PEGI ti Yúróòpù àti ESRB ti Amẹ́ríkà, àwọn àjọ tó ń sọ ọjọ́ orí tí géèmù yẹ fún, ń lẹ̀ mọ́ géèmù, ohun tó wà nínú ẹ̀ ni wọ́n fi ń wò, ìjà, ẹ̀jẹ̀, ọ̀rọ̀ àlùfààṣá àti irú ẹ̀, wọn ò wo bó ṣe le tó rárá.

Èyí tó jẹ́ kọ́kàn mi balẹ̀ jù ni bọ́tìnnì tó ń dá nǹkan padà. Ọmọ lè ṣèèṣì tú BABA IS YOU ká, ìyẹn òfin tó ń jẹ́ kó lè darí Baba, kó má lè rìn mọ́, ó kàn máa tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan, gbogbo ẹ̀ padà sípò, ó lè máa tẹ̀ ẹ́ títí tó fi máa dé ìbẹ̀rẹ̀, kò sẹ́ni tó máa gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹ̀. Ẹ wá wo Candy Crush tó dà bíi pé ó rọrùn, ẹ̀mí márùn-ún ni, tó bá tán, ọmọ máa dúró fún 30 ìṣẹ́jú kí ọ̀kan tó padà, àbí kó máa bẹ àwọn ọ̀rẹ́, àbí kówó jáde. Èyí tó ń kọ mí lóminú nìyẹn o, kì í ṣe èyí tó ń mú ọmọ ronú.

Ṣebí àwọn àgbà wa náà ò ṣàlọ́ tó rọ̀ fún ọmọdé. Awẹ́ obì kan, à-jẹ-dọ́yọ̀ọ́. Ọmọ wo ló gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kíní tó mọ̀ pé ahọ́n ni? Á méfò títí, wọ́n á ní kó tún méfò, kò sẹ́ni tó ní àlọ́ yẹn ń fìyà jẹ ọmọ.

Àmọ́ Gẹ̀ẹ́sì wà nínú ẹ̀ ṣá, SINK, MELT, DEFEAT, ọmọ tí ò bá lè kà á, afi kí àgbà jókòó tì í. Ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ wà, torí àgbà tó jókòó tì í yẹn ló máa ń já fóònù gbà pé "mú un wá, jẹ́ n ṣe é fún ẹ." Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ má sì ṣí ìdáhùn fún un lórí YouTube, torí tó bá ti rí i, kí ló tún kù tó fẹ́ rò? Ìbéèrè lẹ máa bi í: kí lo rí níbẹ̀, èwo nínú ọ̀rọ̀ yìí lo lè tì? Tó bá ti ń bínú, ẹ ní kó gba ibòmíì lọ, torí ìpele tó lé ní 200 ló wà níbẹ̀, òmíì sì máa ń ṣí sílẹ̀ láìjẹ́ pé ó parí gbogbo èyí tó wà nílẹ̀. Àwọn tó kẹ́yìn le fún àgbà pàápàá, kò pọn dandan kó débẹ̀.

Lójú tèmi, ọmọ ọdún mẹ́jọ lè bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú yín, ọmọ ọdún mẹ́wàá lè dá a gbá. Àwọn tó kéré síyẹn, ẹ̀yin lẹ máa di fóònù mú, kóun máa sọ ibi tẹ́ ẹ máa tì í sí.