Èsì wa sí ìràwọ̀ kan ṣoṣo tí ẹ fún wa

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ẹ ṣé tí ẹ wá jẹun lọ́dọ̀ wa ní Lẹ́kkí. A ti rí ohun tí ẹ kọ nípa ilé oúnjẹ wa lórí ayélujára.

Ẹ ní ẹja yìnyín la gbé fún yín, pé ó ń rùn. Ẹ ní spaghetti wa ò jinná, ẹ ní ẹ jókòó fún wákàtí kan. Ẹ̀yin tí ẹ ò tíì dé ọ̀dọ̀ wa rí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ tẹnu wa náà.

Ẹ jẹ́ n ti orí ẹja bẹ̀rẹ̀, torí òun ló dùn mí jù. Ọmọ ẹlẹ́ja ni mí. Ọjà Olúwo ní Ẹ̀pẹ́ ni ìyá mi ti tà á tó fi tọ́ wa. Sátidé tí ẹ wá, ọjọ́ 14 oṣù kẹfà 2025, aago mẹ́rin ààbọ̀ ìdájí ni èmi àti awakọ̀ wa ti gbéra lọ síbẹ̀. Ọ̀bọ̀kún mẹ́jọ ni mo rà. Mo ṣí etí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ó pupa fòò. Mo fi àtàǹpàkò tẹ ẹ̀yìn wọn, ó padà sípò kíá. Ojú ẹja yìnyín a máa jìn wọnú, a sì rí bí omi ìrẹsì. Ojú àwọn wọ̀nyí ń dán. Ìdí nìyẹn tá a fi ń gbé ẹja tòun torí, kí oníbàárà lè fojú ara rẹ̀ rí i. Tòmátì, aáyù, òróró ólífì àti omi díẹ̀ ni alásè wa fi sè é, bí wọ́n ṣe ń sè é ní Naples.

Spaghetti yẹn jinná. Àwọn ará Ítálì ń pè é ní al dente: kí eyín ṣì bá nǹkan pàdé nínú rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ kó rọ̀ bíi tilé, kó sọ, a ó dá a padà síná. Ẹ ò sọ. Wàràkàṣì tí ẹ tún béèrè, a kì í fi sórí spaghetti tó ní edé àti alákàn. Adùn wọn ló máa bò mọ́lẹ̀.

Wákàtí kan kọ́ o. Aago 7:22 la kọ ohun tí ẹ fẹ́ sílẹ̀, 8:05 ni oúnjẹ dórí tábìlì. Ìṣẹ́jú 43 pọ̀, mo gbà. Sílíńdà gáàsì kan ló tán mọ́ wa lọ́wọ́, ó sì yẹ ká ti sọ fún yín. Ẹ má bínú. Ṣùgbọ́n ọmọkùnrin tí ẹ pè ní ọ̀lẹ, òun nìkan ló ń dá tábìlì mẹ́fà lóhùn lálẹ́ ọjọ́ náà, torí ẹni tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ gbé ọmọ lọ sílé ìwòsàn. Owó tó lé lórí rísíìtì, VAT ni, owó orí tí ìjọba ń gbà lórí ọjà, 7.5 nínú 100, láti oṣù kejì 2020. Ó wà nísàlẹ̀ mẹ́nù.

Ẹ mú Sátidé tó bá wù yín. Èmi fúnra mi ni màá fi ọkọ̀ gbé yín lọ sí Ẹ̀pẹ́, ẹ ó fọwọ́ ara yín mú ẹja, a ó sè é fún ẹ̀yin àti ẹni mẹ́rin, ẹ ò ní san kọ́bọ̀.

Ní ti ẹja tí ẹ ní ó ń rùn yẹn, egungun nìkan ló padà sí kíṣìnnì. Ẹ ti fa ojú rẹ̀ méjèèjì jẹ.