Ẹsẹ̀ Bàtà Kan Péré

Àbúrò ìyàwó mi gba owó kọ̀ńtíráàtì kan, oorun sì dá lójú gbogbo ẹbí. Owó ọ̀hún kò kúkú pọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Ohun tó lé oorun lọ ni pé ọmọkùnrin náà kò mọ èyí tí yóò rà nínú ọkọ̀ bọ̀gìnnì: ṣé BMW kékeré ni, èyí tí wọ́n ń pè ní 3, àbí ẹ̀gbọ́n rẹ̀, 5? Bó bá sì jẹ́ Bẹ́ǹsì ni, ṣé C ni, àbí E? Ó pè mí ní agogo mọ́kànlá òru. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì sùn o. Ọ̀rọ̀ ayé mi ni mo fẹ́ bá yín sọ." Mo ti rò pé ó fún ọmọ ẹni ẹlẹ́ni lóyún ni.

Òun nìkan kọ́ ni àrùn náà ń ṣe. Ẹ dé Bódìjà, ẹ dé Àkóbọ̀, ẹ dé ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀ ní Òkè-Àdó, àríyànjiyàn kan náà lẹ máa bá lórí ìjókòó. Ẹni tí kò tíì san owó ilé tọdún yìí ni yóò máa là yín lọ́yẹ̀ pé ẹ̀yìn 5 fẹ̀ ju ti 3 lọ, pé 3 ló mọ kọ́nà gé. Ẹ bi í léèrè ìgbà tó jókòó sínú èyíkéyìí nínú méjèèjì. Á ní fídíò lòun ti wò ó.

Ẹ jẹ́ ká fi ìwọ̀n wọ̀n ọ́n. 3 tó jáde ní 2005 gùn tó 452 sẹ̀ńtímítà. 5 tí wọ́n jọ ń ná ọjà nígbà náà, èyí tó jáde ní 2003, gùn tó 484. Ẹ yọ ọ̀kan kúrò nínú èkejì: 32. Ẹsẹ̀ bàtà kan àti díẹ̀. C ti 2007 àti E ti 2009 kò tilẹ̀ fi ẹsẹ̀ bàtà kan gbáko ju ara wọn lọ. Ẹsẹ̀ bàtà kan yìí ni ọ̀rẹ́ méjì tí mo mọ̀ kò fi kí ara wọn mọ́ láti ọdún iléyá tó kọjá.

Ẹ wá ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì. 328i ọdún 2008, tó jẹ́ 3, àti 528i ọdún 2008, tó jẹ́ 5, tí wọ́n kó wá láti Amẹ́ríkà, ẹ́ńjìnnì kan náà ló wà níbẹ̀: sìlíńdà mẹ́fà, lítà mẹ́ta. Ìbejì ni wọ́n. Táyé jẹ àmàlà ìlàjì ó dìde. Kẹ́hìndé dúró, ó ní kí wọ́n bu ṣíbí méjì sí i. 

Kékeré náà kò sì fìgbà kan gbà pé òun kéré. Bẹ́ǹsì 190 tó jáde ní 1982, tí ayé ń pè ní Baby Benz, òun ló bí C ní 1993, C sì ti ń sanra láti ìgbà náà. 3 tó jáde ní nǹkan bíi 2012 gùn tó 462 sẹ̀ńtímítà. 5 tí àwọn ọ̀gá pátápátá ń gùn ní 1981, 462 náà ni. Mo ṣàlàyé gbogbo èyí fún àbúrò ìyàwó mi. Ó dákẹ́ lórí fóònù fún ìgbà díẹ̀. Ó ní, "Òótọ́ lẹ sọ, ẹ̀gbọ́n. Ṣùgbọ́n àwọn tó wà lẹ́yìn mi kò ní mọ̀ bẹ́ẹ̀. Nọ́ńbà tó wà lára búùtù ni wọ́n máa kà."

Ọ̀rọ̀ dé ojú ẹ̀. Àwọn tó wà lẹ́yìn.

Wọ́n tún ní ọkọ̀ eré ni. Eré wo, ẹ̀yin èèyàn mi? Ẹ gbéra ní Gate ní agogo márùn-ún ìrọ̀lẹ́, kẹ́ ẹ forí lé Ìwó Road, nínú ọkọ̀ tó lè sá ju 200 kìlómítà lọ ní wákàtí kan. Ẹ ó pe ìyá ẹlẹ́pà, ẹ ó ra ẹ̀pà, ẹ ó gba ṣéńjì, ẹ ó bó o jẹ tán, ìyá náà ṣì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín, ó ń fẹsẹ̀ rin tiẹ̀ lọ jẹ́ẹ́jẹ́. Àwọn baba wa pe irú ọkọ̀ yìí ní ayọ́kẹ́lẹ́ torí pé kì í pariwo bíi lọ́rì. Àwọn ọmọ ìsinsìnyí gbà á, wọ́n lu sàlẹ́ńsà rẹ̀ jáde sódì kejì, ó wá ń ké ní Àkóbọ̀ ní agogo méjì òru bí ẹlẹ́dẹ̀ tí wọ́n fẹ́ dú. Kò yọ́ kẹ́lẹ́ mọ́. Apariwo ni kí wọ́n máa pè é.

Ní ọjọ́ Sátidé, mo sìn ín lọ síbi tí wọ́n ti ń ta tòkunbọ̀ lójú ọ̀nà Ring Road. 5 kan wà níbẹ̀, dúdú, ó ń dán bí àdín tí wọ́n fi pa orí ọmọ tuntun. Ẹni tó ń tà á fọwọ́ ra bọ́nẹ́ẹ̀tì. "Alájì, nọ́ọ̀sì kan ló ń lò ó l'Ámẹ́ríkà. Ilé ìwòsàn sí ṣọ́ọ̀ṣì ni. Kò gbé e dé ibòmíì." Nọ́ọ̀sì yìí mà rí ọkọ̀ gùn o! Kò sí tòkunbọ̀ tí mo bèèrè ìtàn rẹ̀ rí ní Ìbàdàn tí kì í ṣe òun ló ni ín.

Mo yọ fóònù, mo da nọ́ńbà tó wà lábẹ́ gíláàsì iwájú kọ, lẹ́tà àti òǹkà mẹ́tàdínlógún, mo fi wá ọkọ̀ náà lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Àwòrán mẹ́jọ jáde. Ọkọ̀ wa nìyẹn nínú kòtò kan, ó dorí kodò, táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ń wo ọ̀run bí adìyẹ ọdún. Mo na fóònù sí àbúrò ìyàwó mi. Ó gbà á, ó fẹ àwòrán náà lójú, ó wò ó dáadáa.

"Ẹ̀gbọ́n, ṣebí ó ti dìde."

Òun náà la rà. Wọ́n yọ owó díẹ̀ nítorí àwòrán. Kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, àbúrò ìyàwó mi ti ra lẹ́tà M kékeré aláwọ̀ mẹ́ta, àmì àwọn BMW eléré, ó fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́ mọ́ búùtù. Ó lẹ̀ ẹ́ ní wíwọ́. Mi ò ní purọ́ fún yín, mo ní kó jẹ́ n wà á dé ọ̀dọ̀ ìyá alámàlà. Amúlétutù ń fẹ́ yẹ́ẹ́, mo sì yọ ìgbọ̀nwọ́ mi síta láti Mọ́kọ́lá títí a fi dé ibẹ̀, oòrùn ń bó o. Kọ̀rólà ni tèmi. Ó ti pẹ́ tẹ́nikẹ́ni ti wo ìgbọ̀nwọ́ mi.

Ìdí tó fi mú 5, ó ní, ni ìyá wọn: kí màmá lè rí ibi na ẹsẹ̀ sí. Màmá wọ̀ ọ́ lọ òde lẹ́ẹ̀kan. Ìjókòó náà lọ sílẹ̀ bí àpótí ìdáná. Wọ́n ní ẹni tó gẹṣin, ilẹ̀ ló ń bọ̀. Màmá gun 5, kò rí ilẹ̀ bọ̀. Èèyàn méjì ló fà wọ́n jáde níwájú gbogbo àwọn tó wọ aṣọ ẹbí, gèlè yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Nígbà tí wọ́n ń padà, gegele tí àwọn lándílọ́ọ̀dù mọ sójú títì ha ikùn ọkọ̀ náà gbàràrà. Màmá ní kí wọ́n sọ òun kalẹ̀, òun á rìn délé.

Lẹ́yìn náà ni táyà jò. Fọganáísà ní ká gbé sípíà wá látinú búùtù. Kò sí sípíà níbẹ̀, torí irú táyà tí wọ́n fi kó ọ̀pọ̀ BMW wọ̀nyí jáde ni èyí tó ṣì lè rìn díẹ̀ bí kò tilẹ̀ sí afẹ́fẹ́ nínú rẹ̀. Mo ṣàlàyé. Fọganáísà wo mi, ó wo táyà, ó tún wo mi. "Ẹ ní kò sí kí ni?"

Kò pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sígbà náà, iná tàn lójú dáṣíbọ́ọ̀dù, ẹ́ńjìnnì gbóná, a tọ́ ọ dé ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì. Ó fi kọ̀ǹpútà rẹ̀ yẹ̀ ẹ́ wò, ó mi orí. "Pọ́ọ̀ǹpù omi ló kú. Iná ló ń gbé èyí ṣiṣẹ́, kì í ṣe bẹ́líìtì bíi ti Kọ̀rólà ẹ̀gbọ́n. Bó bá fẹ́ kú, kì í dágbére." Ó dárúkọ owó. Àbúrò ìyàwó mi jókòó sórí táyà tó wà nílẹ̀ níbẹ̀, ó ní, "Mo mọ̀ ọ́n. Mi ò bá ti ra 3." Mẹkáníìkì ní pọ́ọ̀ǹpù kan náà ni. Ṣebí mo ti sọ pé ìbejì ni wọ́n.

Ọjọ́ kejì la forí lé ọjà ẹ̀yà ara ọkọ̀ ní Gate láti lọ wá pọ́ọ̀ǹpù. Kọ̀rólà wà lọ́wọ́ ìyàwó mi, la bá dá Máíkírà dúró. Àbúrò ní iwájú lòun máa jókòó. Ìyá aláta kan tẹ̀ lé e wọlé pẹ̀lú apẹ̀rẹ̀ rẹ̀, àwọn méjèèjì há mọ́ ìjókòó kan ṣoṣo. Àbúrò yọ kọ́kọ́rọ́ BMW jáde nínú àpò, ó tẹ́ ẹ sórí itan, ó dojú àmì rẹ̀ sókè. Dírẹ́bà fẹ́ ki gíà, orúnkún kò jẹ́ kó ráyè. Ó tún gbìyànjú, kọ́kọ́rọ́ já bọ́ sábẹ́ ìjókòó.

Dírẹ́bà pa ọkọ̀, ó tẹ̀, ó bá a mú un. Ó yí i wò síwá sẹ́yìn, ó dá a padà fún un.

"Bọ̀dá, ẹ má bínú, ẹ bọ́ sẹ́yìn. Ẹni kékeré ni mò ń gbé síwájú."