Kì í ṣe àwọn ọ̀gá nìkan ló ni open source

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, àbúrò kan tó ń kọ́ Python, èdè tí a fi ń kọ àṣẹ (kóòdù) fún kọ̀ǹpútà, lọ́dọ̀ mi ní Kubwa, Abuja, ní, “Ẹ̀gbọ́n, open source yẹn, iṣẹ́ àwọn ọ̀gá ni. Kí ni èmi fẹ́ bá wọn kọ?” Open source ni kóòdù tí gbogbo èèyàn lè rí, tí wọ́n sì lè tún ṣe. Láti Nyanya dé Gwarinpa ni mo ti ń gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí lẹ́nu àwọn ọ̀dọ́ wa, kò sì rí bẹ́ẹ̀ rárá.

Kóòdù tó ń mú ẹ̀rọ ṣiṣẹ́ nìkan ni wọ́n kà sí iṣẹ́. Wọn kò ka test sí, ìyẹn kóòdù kékeré tó ń bi kóòdù ńlá pé: bí mo bá fún ọ ní èyí, kí lo máa dá padà fún mi? SQLite, kóòdù open source tó ń tọ́jú dátà, wà nínú gbogbo fóònù Android. Test tí wọ́n kọ fún un fi ìlọ́po tó lé ní 500 ju kóòdù rẹ̀ gan-an lọ. Òótọ́ ni pé SQLite kì í sábà gba kóòdù ará ìta, ṣùgbọ́n Django, iṣẹ́ open source tí wọ́n fi ń kọ́ ìkànnì, ń gbà á, wọ́n sì ń fẹ́ kí ẹni tó bá tún àṣìṣe kan ṣe kọ test tó ń tú àṣírí àṣìṣe náà.

Mo ní kí àbúrò yìí tẹ orúkọ kan, Dàpọ̀, kó ní kí Python ka lẹ́tà inú rẹ̀. Mẹ́rin lojú rí. Python ní 5. Ó mú Dàpọ̀ mìíràn láti inú fáìlì tí ẹlòmíì tẹ̀, Python ní 7! Unicode, ìlànà tó ń fún lẹ́tà gbogbo èdè ní nọ́ńbà nínú kọ̀ǹpútà, ní nọ́ńbà kan fún à, ó ní fún ọ, ṣùgbọ́n kò ní ẹyọ kan ṣoṣo fún ọ̀: ọ ni, pẹ̀lú àmì ohùn tó dá dúró. Àwọn ẹ̀rọ míì tún máa ń tú gbogbo rẹ̀ ká, o lọ́tọ̀, àmì abẹ́ lọ́tọ̀, àmì orí lọ́tọ̀. Bi Python bóyá Dàpọ̀ méjèèjì dọ́gba, á ní rárá. Ìdí nìyẹn tí èèyàn fi ń wá orúkọ ara rẹ̀ tí wọ́n á ní kò sí. Aládùúgbò wa tó ń sọ Hausa kò ní wàhálà yìí, nítorí ƙ, ɗ àti ɓ ní nọ́ńbà tiwọn lọ́kọ̀ọ̀kan.

Àlejò lójú, kò fi ríran. Ọ̀gá tó wà ní Jámánì, bó ti wù kó mọ kóòdù tó, níbo ló ti máa rántí ọ̀? Ẹni tó ń kọ ọ́ láti kékeré ló mọ̀ ọ́n.

Test onílà mẹ́fà ni àbúrò yìí kọ fún iṣẹ́ open source kan. Ó fi orúkọ náà sí i lọ́nà méjèèjì, ó ní kí ìwákiri rí méjèèjì. Test náà kọ́kọ́ kùnà, bó sì ṣe yẹ nìyẹn. Ó fi unicodedata.normalize, irinṣẹ́ Python tó ń sọ ọ̀nà méjèèjì di ọ̀kan, síbi tó yẹ, test náà sì yege.

Àwọn tó ń tọ́jú iṣẹ́ náà lè má gbà á lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Èyí tí èmi kọ́kọ́ fi ránṣẹ́, ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n dá a padà torí pé kò ní test. Ó dùn mí, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ pa á tì. Ó pẹ́ kí n tó mọ̀ pé àwọn tó ń tọ́jú iṣẹ́ náà ni yóò máa tún kóòdù mi ṣe lẹ́yìn tí mo bá ti lọ, pé test ló ń fi wọ́n lọ́kàn balẹ̀.

Pull request àbúrò yìí, ìyẹn kóòdù tó fi ránṣẹ́ pé kí wọ́n gbà wọlé, ṣì wà níbẹ̀ bí mo ṣe ń kọ èyí. Ẹnìkan ti bi í bóyá lẹ́tà míì tún wà tó ń ṣe bẹ́ẹ̀. Lálẹ́ àná, tí wọn ò tíì mú iná wá, ó ń fi dátà fóònù rẹ̀ fi Ṣẹ́gun kún un.