Àgbà Tó Ṣubú Tí Kò Wẹ̀yìn

Ọ̀rọ̀ kan ń bí mi nínú. Wọ́n ní bọ́mọdé bá ṣubú a wo iwájú, bágbà bá ṣubú a wo ẹ̀yìn. Ọmọdé ń wá ẹni tó máa gbé e, àgbà ń wá ohun tó gbé òun lulẹ̀. Àwọn ará wa kan ní Califọ́níà wá ń sọ pé kí ni ìjọba ń fowó ṣe nídìí páànù àtijọ́ ní Richmond, níbi tí wọ́n ti ń kan ọkọ̀ ojú omi nígbà ogun, wọn ì bá wó o kí wọ́n fi kọ́lé.

Páànù kẹ̀? Yáàdì ìkànkọ̀ mẹ́rin ni oníṣòwò kan, Henry Kaiser, ní níbẹ̀ nígbà ogun Hítílà, ọkọ̀ ojú omi 747 ni wọ́n kàn jáde, ọ̀kan wà tí wọ́n kàn ní 1942 tí kò tó ọjọ́ márùn-ún tó fi bọ́ sómi, àwọn ìyàwó ilé tí ò fọwọ́ kan irinṣẹ́ rí ló di wẹ́dà tí wọ́n ń jó irin tọ̀sán tòru. Ọdún 2000 ni wọ́n sọ ibẹ̀ di ọgbà ìtàn ìjọba tí wọ́n ń pè ní Rosie the Riveter. Ọkọ̀ Red Oak Victory tí wọ́n kàn níbẹ̀ ṣì wà, ẹ lè gùn ún.

Àmọ́ ẹni tó ṣu ló ń gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé. Màmá Betty Reid Soskin, amọ̀nà ní ọgbà yẹn, tó ti lé lọ́gọ́rùn-ún ọdún kó tó fẹ̀yìn tì níbẹ̀ ní 2022, akọ̀wé ni nígbà ogun, ní ọ́fíìsì tí ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ Boilermakers yà sọ́tọ̀ fáwọn aláwọ̀ dúdú, àwọn tó ń san owó ẹgbẹ́ tí wọn ò sì lè dìbò. Nígbà tí wọ́n ń ṣètò ọgbà yẹn, òun nìkan ni dúdú tó jókòó sípàdé náà, òun ló rántí pé ọ̀pọ̀ ibi tí wọ́n fẹ́ fi ṣe ìrántí, wọ́n ti ya dúdú sọ́tọ̀ níbẹ̀ rí. Tí kò bá sí níjókòó ńkọ́? Ẹ wo èbúté Port Chicago tí ò jìnnà síbẹ̀, bọ́ǹbù tí wọ́n ń kó sínú ọkọ̀ bú gbàù, ó pa 320 èèyàn ní 1944, dúdú ló pọ̀ jù nínú wọn, àádọ́ta tó kọ̀ láti padà sídìí bọ́ǹbù ni wọ́n dá lẹ́bi, ó di 2024 kí wọ́n tó dá wọn láre.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń sáré ya sẹ́lífì lábẹ́ àwòrán Rosie, obìnrin tó ká apá sókè, tó jẹ́ àmì àwọn obìnrin tó ṣiṣẹ́ nígbà ogun, ojú ò tì yín? Ẹ wọlé, ẹ jókòó, ẹ bi àwọn tó ń ṣamọ̀nà pé àwọn dúdú tó bá wọn kan ọkọ̀ yìí, ibo ni wọ́n ní kí wọ́n máa gbé, ta ló sì lé wọn nígbà tógun parí.