"Ẹ bọ ara yín lọ́wọ́, ó ti parí": irọ́ ni!

Ó sú mi. Ó sú mi dé góńgó. Bí ọ̀gá kan bá tún sọ fún mi pé "ẹ bọ ara yín lọ́wọ́ jàre, ọmọ ìyá kan ni gbogbo wa níbí," mo lè figbe ta.

Ẹ gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀. Lọ́jọ́ Ajé, ọ̀gá ní kí n kọ ìròyìn ìparí oṣù. Nígbà tó di ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ó pe ẹlẹgbẹ́ mi sí kọ̀rọ̀, ó ní kí òun náà kọ ọ́. Kò sọ fún èmi, kò sọ fún un. Odindi ọjọ́ mẹ́ta la fi ń ṣe iṣẹ́ kan náà, tí kálukú ń rò pé ẹnì kejì fẹ́ já iṣẹ́ gbà mọ́ òun lọ́wọ́. Àfi bí mo ṣe ṣí fáìlì láàárọ̀ ọjọ́ kan tí mo rí i pé ó ti pa tábìlì tí mo fi gbogbo òru tò rẹ́. Mo sọ̀rọ̀ tí kò yẹ kí n sọ. Òun náà dá a padà fún mi, ó sì fi èlé lé e. Ó kọ lẹ́tà sí mi lórí íméèlì, ó fi ọ̀gá kún un! Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń fi ọ̀gá kún íméèlì, Ọlọ́run ń rí yín o.

Ni wọ́n bá pèpàdé. Wákàtí kan àtààbọ̀! Ẹ ní sùúrù, ẹ fẹ́ràn ara yín, ahọ́n àti eyín a máa jà. Wọ́n á jà, mo gbà. Ṣùgbọ́n ta ló ń gbé iṣẹ́ eyín fún ahọ́n, tó wá ń bá a wí pé kí ló dé tó fi fara pa? Nínú gbogbo ariwo yẹn, kò sẹ́ni tó béèrè pé ta ló ni iṣẹ́ yìí gan-an. A bọwọ́, a rẹ́rìn-ín eléyín funfun. Oṣù tó tẹ̀ lé e, fáìlì kan náà, ìjà kan náà.

Ọ̀gá wá ní ká pín in sí méjì, àfi bíi búrẹ́dì. Nígbà tí ìyẹn ò ṣeé ṣe, ó ní "ẹ jọ ṣe é." Ẹ jọ ṣe é bí ti báwo? Ní 1913, ará Faransé kan, Max Ringelmann, tẹ ìwádìí jáde nípa àwọn tó jọ ń fa okùn: nígbà tí wọ́n pé mẹ́jọ, bí ìdajì agbára tí ẹnì kan ń lò tó bá dá fà á ni kálukú ń lò. Ringelmann ní ohun tó fà á jù ni pé fífà wọn ò bọ́ síra.

Mary Parker Follett, obìnrin ará Amẹ́ríkà tó ń kọ̀wé nípa bí a ṣe ń darí iṣẹ́, ti sọ tirẹ̀ ní 1925. Ó wà ní yàrá kékeré kan nínú ilé ìkàwé Harvard. Ẹnì kan fẹ́ ṣí fèrèsé, òun fẹ́ kó wà ní títì. Wọn ò ṣí i dé ààbọ̀. Fèrèsé yàrá kejì tó ṣófo ni wọ́n ṣí, torí atẹ́gùn lẹni yẹn ń wá, òun Follett ò sì fẹ́ kí afẹ́fẹ́ máa lu òun. Ó ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún! Ìbéèrè kan péré ni: kí lo ń fẹ́ gan-an?

Lẹ́nu ọ̀nà la ti bi ara wa, èmi àti ẹlẹgbẹ́ mi, láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Òun ń fẹ́ rí iye owó tó wọlé ní kíákíá. Èmi ò fẹ́ kí wọ́n fọwọ́ kan ohun tí mo ti tò. Ó ń kó iye jọ, mo ń kọ ìròyìn. Ó tán.

Ọ̀gá wá dìde níwájú gbogbo èèyàn, ó ní ẹ wo bí ìpàdé tí òun pè ṣe so èso. Mo kàn ń wo ẹnu rẹ̀ ni.

Lánàá, ó ti gbé ìdajì iṣẹ́ yẹn fún ẹnì kẹta. Kò sì sọ fún wa.