Botham Nìkan Kọ́ Ló Na Ọsirélíà ní Headingley

"Botham nìkan ló na Ọsirélíà lọ́dún 1981." Ian Botham, agbábọ́ọ̀lù àwọn Gẹ̀ẹ́sì, ni wọ́n ń sọ. Ẹnu ẹ̀gbọ́n kan tó ti pẹ́ ní Leeds ni mo tún ti gbọ́ ọ lọ́sẹ̀ tó kọjá, bí wọ́n ṣe ń pìtàn kíríkẹ́ẹ̀tì fún àwọn ọmọ tí kò ì tíì mọ nǹkan kan nípa rẹ̀. Mo bọ̀wọ̀ fún wọn, àmọ́ ó sú mi. Ọ̀rọ̀ yẹn kò rí bẹ́ẹ̀, ẹni tó bá ka iye tí wọ́n gbá lọ́jọ́ náà á rí i.

Eré Test kẹta (Test ni kíríkẹ́ẹ̀tì ọlọ́jọ́ púpọ̀) nínú ìdíje Ashes láàárín àwọn Gẹ̀ẹ́sì àti Ọsirélíà ni, ní pápá Headingley ní Leeds, 16 sí 21 oṣù Keje. Ọsirélíà gbá rọ́ọ̀nù (ìyẹn àmì ayò) 401, wọ́n fúnra wọn ní ó tó. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì gbá 174 péré, ni Ọsirélíà bá ní kí wọ́n padà wọlé wá gbá lẹ́ẹ̀kejì lójú ẹsẹ̀. Nígbà tí ẹni méje fi jáde, 135 ni wọ́n ní, wọ́n ṣì fi rọ́ọ̀nù 92 wà lẹ́yìn. Àwọn onítẹ́tẹ́ ti fún wọn ní 500 sí 1, ìyẹn ni pé wọn ò rò pé wọ́n lè borí mọ́. Ibẹ̀ ni Ian Botham ti bẹ̀rẹ̀ sí í na bọ́ọ̀lù kiri pápá, kò sì sẹ́ni tó rí i lé jáde títí ó fi ní 149.

Ta ló dúró tì í? Graham Dilley, tó jẹ́ pé bọ́ọ̀lù jíjù niṣẹ́ rẹ̀, gbá 56, òun àti Botham sì kó 117 jọ. Chris Old wọlé, ó gbá 29. Òun àti Botham kó 67. Bob Willis gbá 2 péré, ṣùgbọ́n ó dúró ṣinṣin títí àwọn méjèèjì fi rí 37 kún un. Ọwọ́ kan kò gbẹ́rù dórí.

Gbogbo làálàá yẹn, 129 péré ni wọ́n fi ṣíwájú. Ọsirélíà nílò 130. Nínú eré Test, bó o gbá ẹgbẹ̀rún rọ́ọ̀nù, tí o kò bá lé ẹni mẹ́wàá tó wà níwájú rẹ jáde, o kò borí. Ní Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, Ọsirélíà ti ní 56, ẹnì kan ṣoṣo ló sì ti jáde. Kí ni 149 Botham fẹ́ ṣe sí ìyẹn?

Willis ló ṣe é. Ẹni ọdún 32 ni, wọ́n ti ṣiṣẹ́ abẹ fún un ní orúnkún méjèèjì lọ́dún 1975, kò sì mú wíkẹ́ẹ̀tì kankan, ìyẹn ni pé kò lé ẹnì kankan jáde, nígbà àkọ́kọ́ tí Ọsirélíà gbá. Wọ́n gbé e lọ sí ìhà Kirkstall Lane, ìpẹ̀kun kan nínú pápá náà, níbi tó ti lè máa sáré bọ̀ láti orí òkè. Trevor Chappell lọ. Kim Hughes lọ, òdo. Graham Yallop lọ, òdo. Kí wọ́n tó lọ jẹun ọ̀sán, 58 ni, ẹni mẹ́rin ti jáde. Old fi bọ́ọ̀lù wó igi tó wà lẹ́yìn Allan Border, òun náà jáde. Willis mú John Dyson tó ti dúró pẹ́, ó mú Rod Marsh tí Dilley hán bọ́ọ̀lù rẹ̀ létí pápá kó tó kanlẹ̀, ó mú Geoff Lawson. 75, ẹni mẹ́jọ! Ray Bright àti Dennis Lillee tún fi 35 kún un, àyà àwọn Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀rẹ̀ sí í já, kí Mike Gatting tó sáré hán bọ́ọ̀lù Lillee. Willis wó igi Bright, ó parí ní 111. Rọ́ọ̀nù 18 ni wọ́n fi borí. Wíkẹ́ẹ̀tì 8 ni Willis mú, rọ́ọ̀nù 43 ló fi sílẹ̀. Ẹnì kan péré ni Botham mú nínú mẹ́wàá yẹn, Graeme Wood.

Èmi náà ju bọ́ọ̀lù fún ilé ìwé wa ní Èkó. Tí iye tí ẹ ń ṣọ́ bá ti kéré, bọ́ọ̀lù burúkú kan lè ba gbogbo ọjọ́ jẹ́, gbogbo ojú á sì wà lára rẹ. Síbẹ̀, ẹni tó gbá bọ́ọ̀lù kọjá ààlà ni wọ́n máa ń gbé sọ́rùn tí eré bá parí. Ó dùn mí nígbà náà, ó ṣì ń dùn mí fún Willis.

Àwọn tó ń sọ pé Botham nìkan ni á ní ojú àwọn ló ṣe. Ohun tí tẹlifíṣọ̀n ń tún gbé jáde láti ìgbà náà ni ọ̀pọ̀ wọn rántí. Àwọn kan tilẹ̀ ń sọ pé Botham ni balógun lọ́jọ́ yẹn! Ó ti fi ipò náà sílẹ̀ lẹ́yìn eré tó ṣáájú, ní pápá Lord's, níbi tí kò ti rí rọ́ọ̀nù kankan gbá nígbà méjèèjì tó wọlé. Mike Brearley ló darí wọn.

Mo gbà pé láìsí 149 náà, Willis kì bá rí nǹkan kan ṣọ́, mo sì gbà pé Botham mú ẹni mẹ́fà nígbà àkọ́kọ́. Ẹ̀bùn ẹni tó ta yọ tí wọ́n fún un tọ́ sí i. "Nìkan" yẹn ni mi ò gbà.

Wọ́n tún ti ń ṣe bẹ́ẹ̀ sí Kolkata 2001, níbi tí Íńdíà ti na Ọsirélíà. VVS Laxman gbá 281 fún Íńdíà, òun nìkan ni wọ́n ń dárúkọ: Laxman, 281, Laxman, 281. Harbhajan Singh mú wíkẹ́ẹ̀tì 13 nínú eré kan náà, Rahul Dravid sì gbá 180 lẹ́gbẹ̀ẹ́ Laxman. Ẹ dárúkọ wọn náà.