"Kraut" kì í ṣe ọ̀rọ̀ oúnjẹ lásán

Àwọn kan ń sọ pé kò sí èébú nínú "Kraut" tí wọ́n ń pe ará Jámánì, pé orúkọ oúnjẹ ṣáà ni. Èmi ò gbà.

Lóòótọ́, ewé tàbí ewébẹ̀ ni Kraut lédè wọn, sauerkraut sì ni kábéèjì kíkan. Wọ́n á rẹ́ kábéèjì wẹ́wẹ́, wọ́n á fi iyọ̀ bíi gíráàmù 20 sí kílò kan, wọ́n á máa fọwọ́ fún un títí omi ara rẹ̀ á fi jáde, wọ́n á wá fi nǹkan tó wúwo tẹ̀ ẹ́ rì sínú omi náà fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Èyí tó bá yọrí síta á bu. Bí iyọ̀ bá kéré jù, á rọ̀ jọ̀bọ̀tọ̀. (Irú kòkòrò àìfojúrí tó ń mú ògì kan ló ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀.)

Ṣé àwọn ará Jámánì nìkan ló ń jẹ ẹ́ ni? Àwọn Pólándì ń jẹ ẹ́, Rọ́ṣíà ń jẹ ẹ́, àwọn Faransé Alsace náà ń jẹ ẹ́. James Cook, ọ̀gá atukọ̀ ọmọ Gẹ̀ẹ́sì, kó o sínú ọkọ̀ Endeavour lọ́dún 1768 nítorí àìsàn erìgì tó ń pa àwọn atukọ̀. Wọ́n kọ́kọ́ kọ̀ ọ́. Ló bá ní kí wọ́n máa gbé e sórí tábìlì àwọn ọ̀gá lójoojúmọ́, kí àwọn yòókù jẹ ẹ́ bó bá wù wọ́n. Kò pẹ́ tí gbogbo wọn fi ń bèèrè rẹ̀. Síbẹ̀, kò sẹ́ni tó pe Gẹ̀ẹ́sì ní Kraut.

Ogun ló fi eyín sí ọ̀rọ̀ yìí lẹ́nu. Nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní, àwọn ará Amẹ́ríkà ń pe oúnjẹ ọ̀hún ní "kábéèjì òmìnira", kí wọ́n má baà dárúkọ Jámánì. Nígbà ogun kejì, Kraut ni sójà wọn ń pe ọ̀tá. Jerry ni ti Gẹ̀ẹ́sì.

Ẹ wo Milt Schmidt, Woody Dumart àti Bobby Bauer, àwọn ọmọ ìran Jámánì tó ń gbá họ́kì orí yìnyín fún ẹgbẹ́ Boston Bruins ní Amẹ́ríkà. Kitchener ní Kánádà ni wọ́n dàgbà sí, ìlú tó ń jẹ́ Berlin títí di 1916. "Kraut Line" ni wọ́n ń pe àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ní 1942, wọ́n wọ iṣẹ́ ológun òfuurufú Kánádà, Jámánì yẹn gan-an sì lọ̀tá. Kí ni kábéèjì wá ní í ṣe pẹ̀lú ìyẹn?

Ti Krautrock, orúkọ tí wọ́n ń pe orin rọ́ọ̀kì àwọn ará Jámánì, yàtọ̀ díẹ̀. Àwọn oníròyìn Gẹ̀ẹ́sì ló sọ ọ́ di gbajúmọ̀; nígbà tó di 1973, Faust, ẹgbẹ́ olórin Jámánì kan, fi orúkọ náà pe orin wọn kan, wọ́n fi ń ṣẹ̀fẹ̀. Faust ló lè ṣe bẹ́ẹ̀, nítorí àwọn ni wọ́n ń pè.